Kí Ẹ Tó Tẹ Káámẹ́rà: Bí A Ṣe Ń Yan Àfijọ Fíìmù

   Ọ̀rọ̀ fọ́tò la fẹ́ sọ lálẹ́ òní, lórí rédíò tí kò ní fọ́tò. Ẹ óò bá mi fi ojú inú wò ó.

Ẹ̀sùn kan wà tí gbogbo ayàwòrán òde ayẹyẹ mọ̀ bí ẹní mowó. Ìnáwó ti parí, fọ́tò ti dé, ìyá ìyàwó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní, "Aṣọ wa kọ́ rèé o." Àwọ̀ àlùbọ́sà ni wọ́n rà fún aṣọ ẹbí, pupa fòò ló jáde. Nígbà mìíràn, aṣọ á dára, ṣùgbọ́n ojú ọkọ ìyàwó, ọmọkùnrin adúmáadán, á rí bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á. Oníbàárà á dá ayàwòrán lẹ́bi, ayàwòrán á dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti yan àwọ̀ fún fọ́tò yẹn kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì, inú mẹ́nù káámẹ́rà ni wọ́n sì ti yàn án. Ibẹ̀ là ń lọ lálẹ́ yìí. Lórí káámẹ́rà Fujifilm, Film Simulation ni ẹ óò rí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àfijọ fíìmù ni èmi yóò máa pè é.

Ẹ jẹ́ ká ti inú ikùn káámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì, èyí tó gba ipò fíìmù, kò mọ pupa yàtọ̀ sí búlúù. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń kà. Wọ́n wá fi asẹ́ tín-tìn-tín bò ó lójú, asẹ́ pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, kí ojú kọ̀ọ̀kan lè máa ka ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ kan ṣoṣo. Nọ́ńbà rẹpẹtẹ ló ń ti ibẹ̀ jáde. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú káámẹ́rà ló máa kó wọn jọ, tí yóò pinnu pé kí pupa yìí pọ́n tó báyìí, kí ojú ọ̀run yẹn fà sí àwọ̀ ewé díẹ̀, kí abẹ́ igi ṣókùnkùn tó báyìí, kí funfun má tàn jù. Àpapọ̀ àwọn ìpinnu wọ̀nyí ni àfijọ fíìmù. Bí ẹ bá ń ya JPEG, ó ti jinná nìyẹn, ẹ ò lè sọ ọ́ di tútù mọ́. Bí ẹ bá ń ya RAW, nọ́ńbà yẹn wà ní tútù, ẹ lè padà wá sè é bó ṣe wù yín.

Ẹni tó bá ń sọ pé òun kì í lo àfijọ fíìmù kankan, pé bí nǹkan ṣe rí gan-an lòun ń yà á, ẹ bá mi sọ fún un pé èyí tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀ ló ń lò.

Láyé fíìmù, ìdí káńtà ni ìpinnu yìí ti ń wáyé. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú yín á rántí páálí aláwọ̀ ewé ti Fuji àti páálí aláwọ̀ ìyeyè ti Kodak. Èyí tí ẹ bá rà, tí ẹ sì kì bọ inú káámẹ́rà, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ wà títí fọ́tò 36 á fi tán. Ẹ ò lè pààrọ̀ àwọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn ìnáwó.

Lọ́dún 1934 ni ilé-iṣẹ́ Fuji Photo Film bẹ̀rẹ̀ ní Japan. Lọ́dún 1990 wọ́n gbé Velvia jáde, fíìmù ISO 50 tí àwọn tó ń ya òkè, igbó àti odò sọ di ààyò, nítorí pé ewé inú rẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀ ju ewé orí igi lọ. Wọ́n ní Provia fún iṣẹ́ gbogbo, wọ́n sì ní Astia fún àwọ̀ ara ènìyàn. Nígbà tí káámẹ́rà dígítà dé, àwọn fíìmù ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kodachrome tí Kodak ti ń ṣe láti 1935 dópin lọ́dún 2009; ilé ìfọfíìmù tó kù tó ṣì ń fọ̀ ọ́, ní ìlú Parsons ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, kò gbà á mọ́ láti òpin ọdún 2010. Nígbà tó fi di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, Kodak fúnra rẹ̀ ti wọ kóòtù pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Fujifilm gba ibòmíràn yọ. Ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa bí fíìmù ṣe ń gba àwọ̀, wọ́n kó o sínú káámẹ́rà. Ó ti wà nínú S3 Pro tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2004, ṣùgbọ́n X100 tó dé lọ́dún 2011, káámẹ́rà kékeré tó jọ ti ayé àtijọ́, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá kiri. Velvia, Provia àti Astia ló gbé orúkọ àwọn fíìmù àtijọ́ sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi kún un títí ó fi di 20, àní lórí X-T50 tó dé lọ́dún 2024, wọ́n gbé e jáde kúrò nínú mẹ́nù, ó di kọ́ńbà tí ẹ óò máa fi ìka yí lórí káámẹ́rà bí ẹni ń wá ibùdó lórí rédíò.

Ẹni tó bá ní Canon, kí ó má tíì pa rédíò o. Picture Style ni wọ́n ń pe tiyín. Nikon ní Picture Control, Sony ní Creative Look, Ricoh GR sì ní èyí tó ń jẹ́ Positive Film tí èmi fúnra mi fẹ́ràn. Orúkọ ló yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Fóònù yín náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í sọ fún yín.

Ó wá kù ká yan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nípa àwọ̀ ara tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, torí òun ló wà nídìí ojú eérú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ ń tàn kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfíìmù. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ tó hàn ketekete. Ẹni tó ń fọ fọ́tò á yí ẹ̀rọ rẹ̀ síwá sẹ́yìn títí awọ ara obìnrin náà á fi rí bó ṣe yẹ. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ti péye nìyẹn. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà, orúkọ obìnrin kan tó bá Kodak ṣiṣẹ́ nígbà náà. Obìnrin orí káàdì ń yí padà láti ọdún dé ọdún, orúkọ kò yí padà, àwọ̀ ara náà kò sì yí padà fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí awọ tirẹ̀ bá dúdú, ohun tí ẹ̀rọ bá fún un ni kó gbà.

Lorna Roth, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Concordia ní Montreal, tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2009. Ó bá àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Kodak sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé lára ohun tó mú wọn tún fíìmù náà ṣe ni ẹ̀sùn àwọn oníṣokoléètì àti àwọn oníṣòwò àga: fíìmù náà kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ṣokoléètì dúdú àti èyí tí wọ́n fi mílíìkì sí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín igi àga kan àti èkejì. Ẹjọ́ ṣokoléètì ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí ojú ọmọ wọn ń sọnù nínú fọ́tò kíláàsì ti ń jókòó síbẹ̀ látọjọ́ yìí.

Ayé dígítà ti tún púpọ̀ ṣe nínú èyí, sẹ́ńsọ̀ òde òní lè rí inú òkùnkùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àfijọ fíìmù ṣe ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló ń pín ìmọ́lẹ̀ sí òkè tó mọ́lẹ̀, àárín àti ìsàlẹ̀ tó ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń tẹ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ kí fọ́tò lè rí ki. Lójú òyìnbó, irun àti abẹ́ àgbọ̀n nìkan ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Lójú tiwa, ìdajì ojú ló wà níbẹ̀: ẹ̀gbẹ́ imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú ilà. Àfijọ fíìmù tó bá tẹ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ jù á pa òyìnbó lẹ́wà, á sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwa mì. Nítorí náà, ìbéèrè tí èmi máa ń bi ẹni tó bá ń yan àfijọ fíìmù ni pé kí ni nǹkan yìí ń gbé mì? Gbogbo wọn ló ń gbé nǹkan kan mì.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lára ẹnì kan. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àlàárì ló ró, tó sì fi dá bùbá, òwú pupa dídán tí wọ́n fi ìlà ṣe lára. Ògiri amọ̀ pupa ló fẹ̀yìn tì. Mọ́mọ́ dúdú, awọ wọn ń dán, ilà pélé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì. Òòrùn ń ti apá òsì bọ̀, apá ọ̀tún ojú wọn wà ní òjìji.

Bí ẹ bá fi Velvia yà wọ́n, ohun tó máa kọ́kọ́ pè yín nínú fọ́tò ni aṣọ. Àlàárì á pọ́n débi pé ìlà inú rẹ̀ á wọlé sínú pupa, aṣọ tí wọ́n fi ọjọ́ gbọọrọ hun á dà bí aṣọ tí wọ́n tẹ àwọ̀ sí. Ògiri á pọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Apá ọ̀tún ojú Mọ́mọ́ á dúdú kirikiri, ilà ibẹ̀ á lọ, apá òsì á sì fà sí pupa bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tìtorí èyí kórìíra Velvia. Lákòókò ọyẹ́, tí eruku bo ojú ọ̀run, tí ohun gbogbo ṣú, tí òkè òkèèrè fẹ́ẹ̀ má hàn, Velvia á dá díẹ̀ padà lára ohun tí ọyẹ́ gbà. Ó dára fún igbó lẹ́yìn òjò. Ènìyàn ni kì í ṣe tirẹ̀.

Provia ni ẹ óò bá lórí káámẹ́rà nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, òun náà ni ọ̀pọ̀ ń sá fún nítorí wọ́n ní kò ní adùn. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Lára Mọ́mọ́ tí à ń wí yìí, àlàárì á pọ́n bí àlàárì, ìlà á hàn, apá ọ̀tún ojú á ṣókùnkùn ṣùgbọ́n kò ní parẹ́. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà pé òun á ya aṣọ bí aṣọ ṣe rí, Provia ni kó kọ́kọ́ mọ̀ lò kó tó wá òmíràn lọ. Lórí àwọn káámẹ́rà tuntun, Reala Ace wà, tó kọ́kọ́ dé pẹ̀lú GFX100 II lọ́dún 2023. Bí tiyín bá ní i, òun ni kí ẹ lò fún aṣọ ẹbí. Àwọ̀ rẹ̀ dúró déédéé, kì í fi pupa ṣe àṣejù.

Astia jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ó máa ń jẹ́ kí aṣọ tàn, síbẹ̀ á rọra bá awọ ara lò. Nínú òòrùn líle ọ̀sán gangan tí ìyàwó àti ọkọ fẹ́ ya fọ́tò níta, tí àwọn ẹbí kò sì ní gbọ́ pé kí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, Astia lèmi máa ń mú. Pro Neg Std tún rọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n inú ilé ló wà fún, níbi tí ẹ ti to iná yín fúnra yín. Bí ẹ bá gbé e síta lọ́jọ́ tí òòrùn kò yọ, fọ́tò á sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Pro Neg Hi, ni kí ẹ gbé jáde ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Classic Chrome ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń tìtorí rẹ̀ ra Fujifilm. Ó dé lọ́dún 2014 pẹ̀lú X30, àwọn tó mọ Kodachrome sì ní ó rán àwọn létí rẹ̀. Ó máa ń fa àwọ̀ sẹ́yìn: ojú ọ̀run á fà sí búlúù tó ṣá, ewé á dákẹ́, àlàárì Mọ́mọ́ á di pupa rúsúrúsú, ògiri amọ̀ á sì wá jọ amọ̀ gan-an. Fún ẹni tó ń ya ọjà, ibùdókọ̀, páànù orí ilé Ìbàdàn tó ti dípẹtà láti òkè Màpó, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀, torí nílùú tí ilẹ̀ pupa, páànù búráùn àti àwọ̀ ara pọ̀ lójú kan, ó máa ń ya wọ́n sọ́tọ̀ láìpariwo. Àléébù rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ tó le. Ẹ wọ inú mẹ́nù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Shadow sí, ẹ gbé e wá sí -1 tàbí -2, ilà apá ọ̀tún ojú Mọ́mọ́ á jáde padà. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣàròyé pé Classic Chrome kò fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú, wọn ò tíì fọwọ́ kan ibẹ̀ rí.

Classic Negative, èyí tó dé lọ́dún 2019 pẹ̀lú X-Pro3, jọ fíìmù Superia tí àwọn ènìyàn ń rà lórí káńtà láyé ọjọ́un. Ẹwà rẹ̀ kò láfiwé, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ síbi ìnáwó. Ìdí rẹ̀ ni pé bó ṣe ń ṣe àwọ̀ nínú òòrùn kọ́ ló ń ṣe é nínú òjìji. Obìnrin méjì á wọ aṣọ ẹbí kan náà, ọ̀kan á dúró síta, èkejì á dúró lábẹ́ kánópì, nínú fọ́tò kan ṣoṣo aṣọ wọn á yàtọ̀ síra. Ẹ wá lọ ṣàlàyé fún ìyá ìyàwó. Nostalgic Negative tirẹ̀ máa ń fi àwọ̀ oyin sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, awọ dúdú sì máa ń gbà á dáadáa lójú ìrọ̀lẹ́. Léèsì funfun á kàn yẹ̀ sí àwọ̀ wàrà díẹ̀, kí ẹni tó ni léèsì mọ̀ ṣáájú. Eterna wà fún fídíò, orúkọ fíìmù sinimá ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ fídíò.

Ó ku dúdú àti funfun. Acros ni ti Fujifilm, ó sì yàtọ̀ sí Monochrome tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni asẹ́ mẹ́ta tó wà pẹ̀lú rẹ̀: ìyeyè, pupa àti àwọ̀ ewé. Ní ayé fíìmù, gíláàsì ni wọ́n máa ń dè mọ́ ẹnu lẹ́ńsì. Nísinsìnyí, inú mẹ́nù ló wà. Asẹ́ máa ń jẹ́ kí àwọ̀ tirẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, á sì sọ àwọ̀ tó dojú kọ ọ́ di dúdú. Ẹ mú àdìrẹ ẹlẹ́lùú, ẹ gbé e sórí okùn, ẹ fi Acros alásẹ́ pupa yà á. Búlúù ẹ̀lú á dúdú sí i, funfun ibi tí wọ́n fi láfún kùn tàbí tí wọ́n so á dúró lọ́tọ̀, gbogbo ọnà ara aṣọ á yọ síta kedere. Ojú ọ̀run ẹ̀yìn rẹ̀ náà á ṣú bí ìgbà tí òjò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi asẹ́ pupa kan náà ya ojú ènìyàn, á sọ awọ ara di mímọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, torí pupa wà nínú awọ gbogbo wa, ìlà ojú á sì parẹ́. Asẹ́ àwọ̀ ewé ni kí ẹ fi ya Mọ́mọ́. Awọ wọn á dúdú dáadáa, ilà pélé á hàn, ìrírí ọdún á hàn. Bó bá jẹ́ ọmọge tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí rorẹ́ òun ni, ẹ má dán an wò.

Ẹ wá gbọ́, gbogbo èyí tí mo ti ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan, ìmọ́lẹ̀ lè bà á jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ síbi ìnáwó tí wọ́n ta kánópì búlúù àti funfun sí. Òòrùn tó ń gba orí kánópì wọlé ti di búlúù kó tó dé ojú ẹnikẹ́ni. Kánópì pupa burú jù, torí awọ ara, àwọ̀ àlùbọ́sà àti gèlè á pàdé nínú pupa kan ṣoṣo. Kò sí àfijọ fíìmù tó lè wo èyí sàn. White Balance ni kí ẹ fojú sí. Ẹ gbé pépà funfun sábẹ́ kánópì náà, níbi tí àlejò jókòó sí gan-an, ẹ jẹ́ kí káámẹ́rà fi í mọ ohun tó ń jẹ́ funfun níbẹ̀, kí ẹ tó máa yà. Bí kánópì bá jẹ́ aláwọ̀ méjì, ẹ bẹ àwọn ẹbí kí wọ́n jáde síbi tí òjìji ilé wà. Nínú gbọ̀ngàn tí oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ti fi iná aláràbarà tan ara ògiri, fláàṣì ló lè gbà yín.

Léèsì funfun ní ìṣòro tirẹ̀. Káámẹ́rà máa ń rò pé ohun gbogbo tó wà níwájú òun wà ní ìdajì láàárín dúdú àti funfun. Bí léèsì funfun bá gba gbogbo fọ́tò, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á fà á wálẹ̀, ojú àwọn tó wọ léèsì á sì ṣókùnkùn. Bí ọkùnrin adúmáadán bá wọ kóòtù dúdú, tó dúró síwájú aṣọ títa dúdú, á rò pé ìmọ́lẹ̀ kéré, á gbé e sókè tipátipá. Ojú eérú tún máa ń ti ibẹ̀ wá. Lórí ti àkọ́kọ́, ẹ fi kọ́ńbà àfikún ìmọ́lẹ̀ gbé e sókè díẹ̀. Lórí ti èkejì, ẹ fà á wálẹ̀. Kí léèsì má baà jó funfun pátápátá nígbà tí ẹ bá gbé e sókè, Fujifilm ní ohun tí wọ́n ń pè ní DR200 àti DR400. Ó máa ń du sẹ́ńsọ̀ ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ojú iṣẹ́ léèsì lè dúró, lẹ́yìn náà á gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè padà. Ó ń fẹ́ ISO tó ga díẹ̀: lórí X-T3 àti X-T4, DR400 kì í ṣiṣẹ́ tí ISO kò bá tó 640, lórí X-T5, 500 tó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nípa àwọn ètò tí àwọn ènìyàn ń pín fún ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á ní ẹ gbé Color síbí, ẹ gbé Highlight sọ́hùn-ún, ẹ fi pupa mẹ́ta kún White Balance, ẹ fi Grain sí i. Kò burú. Ṣùgbọ́n oòrùn ìlú ẹni tó ṣe é ló fi wọ̀n ọ́n. Oòrùn ìgbà ìkórè ní Amẹ́ríkà máa ń rọra fẹ̀gbẹ́ wọlé, oòrùn tiwa lọ́sàn-án á dúró sí àtàrí gangan, á sì sọ ihò ojú ènìyàn di òjìji. Ètò tí wọ́n fi pupa kún nítorí awọ funfun, tí ẹ bá gbé e lé awọ tó ti ní pupa nínú tẹ́lẹ̀, á pọ̀ jù. Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ dá ọwọ́ White Balance padà sí òdo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ara yín tún un ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ wàràwàrà, ẹ máa ya RAW pọ̀ mọ́ JPEG. Ẹ lè jókòó lálẹ́, kí ẹ tún RAW kan náà sè lórí káámẹ́rà fúnra rẹ̀ láìsí kọ̀ǹpútà, lónírúurú àfijọ fíìmù. Ọ̀pọ̀ Fujifilm tún lè fún yín ní mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan látinú títẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ má fi síkírínì kékeré tó wà lẹ́yìn káámẹ́rà ṣe ìdájọ́ nínú òòrùn, yóò máa dà bíi pé fọ́tò ṣókùnkùn, ẹ óò máa gbé ìmọ́lẹ̀ sókè títí yóò fi jó.

Tí wọ́n bá sì ti fún yín níṣẹ́ ìnáwó, ẹ bèèrè ègé aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ìyá ìyàwó, èyí tó bá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ti tó. Ẹ mú ẹnì kan tí awọ rẹ̀ dúdú nílé yín, kó mú aṣọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ojú, kó dúró sínú òòrùn, kó tún dúró sínú òjìji. Ẹ fi Provia, Astia àti Classic Chrome yà á, kí ẹ sì gbé aṣọ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ síkírínì kọ̀ǹpútà yín. Èyí tó bá bá a mu, ẹ fi pamọ́ sí àyè C1 lórí káámẹ́rà, kí ẹ sì gbé ègé aṣọ náà sínú báàgì lọ́jọ́ ìnáwó, torí ẹnì kan á ṣáà bèèrè.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ fláàṣì la máa sọ, pàápàá bí a ṣe ń tan án nínú gbọ̀ngàn tí òrùlé rẹ̀ ga.